Aṣòfin Ilẹ̀ Norway àti Ẹjọ́ Àńtí Fúnmi

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kọkànlá, ní aago méje òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú ilé kan ní Blackley, ní ìlú Manchester. Aago náà dá mi lójú nítorí pé a kì í wọlé ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ tẹ fóònù ọ́fíìsì pé a ti dé. Àńtí Fúnmi ló ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Ingrid wà nílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìdáná. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá aṣọ ìsùn rẹ̀ ti ká dé ìgúnpá, awọ apá náà sì ti ń dúdú. Ojú rẹ̀ là kedere.

"Ẹ pẹ́ lónìí," ó wí, bí ẹni tí bọ́ọ̀sì já kulẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni èmi àti Àńtí Fúnmi jọ ń ṣe. Ingrid ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ilẹ̀ Norway ni. Ó fẹ́ ará Manchester kan nígbà tó wà lọ́mọge, ọkọ náà ti kú, kò sì sí ọmọ. Òfin iṣẹ́ wa lórí ẹni tó bá ṣubú kò le láti lóye: ẹ má gbé e, ẹ fi nǹkan bò ó, ẹ pe áńbúláǹsì, kí ẹ sì dúró. Mo pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní ó lè tó wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó dé, nítorí pé obìnrin náà ń mí, ó sì ń sọ̀rọ̀.

Àńtí Fúnmi wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Ingrid tí òtútù ti sọ di àwọ̀ eérú.

"Wákàtí mẹ́rin, lórí ilẹ̀ báyìí? Ṣé ìyá ẹnì kan kọ́ nìyí ni?"

"Àńtí, òfin wọn ni."

"Mo mọ òfin wọn, èmi ni mo fi kọ́ ẹ. Bọ́ sẹ́yìn. Má fọwọ́ kàn án rárá. O ò tíì pẹ́ níbí, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ lé."

Ingrid kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. "Gbé mi dìde, jọ̀ọ́," ó wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a ò tètè dáhùn, ó tún un sọ.

Àńtí lóṣòó, ó ki apá rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá arúgbó náà, ó ní, "Ó yá, Mama," ó sì gbé e sórí àga. Kóòtù ara rẹ̀ ló fi bò ó. Nígbà tí àwọn áńbúláǹsì fi máa dé, Ingrid ti mu tíì, ó sì ń sọ fún wọn pé wọ́n pẹ́ ju ọkọ òun lọ, ọkọ òun sì máa ń pẹ́ gan-an. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nílé.

Lọ́sàn-án, òṣìṣẹ́ mìíràn tó lọ síbẹ̀ rí i pé apá ọ̀tún Ingrid ti dúdú láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó fi tó ọ́fíìsì létí, bó ṣe yẹ kó ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pe Àńtí Fúnmi pé kó dúró sílé. Wọ́n ní gbígbé tó gbé arúgbó náà ló ṣe é léṣe.

Ẹni tí kò bá sí nínú irú iṣẹ́ yìí lè rò pé iṣẹ́ lásán ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbà wá ló di físà wa mú. Bí wọ́n bá lé ènìyàn, ìjọba á fún un ní ìgbà díẹ̀ láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbà á pẹ̀lú físà. Bí kò bá rí, kó máa lọ sílé. Ta ló sì máa gba ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí pé ó ṣe arúgbó léṣe? Àńtí Fúnmi ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Iléṣà, ó ti kó ọmọ méjì sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kì í bi í lórí fóònù mọ́ pé ìgbà wo ló máa wá kó wọn. Ó ní ìyẹn ló ń dun òun jù.

*

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní Ifẹ̀. Bí ó bá fún mi ní nǹkan kan, àṣà bíbi ara mi léèrè ni: ta ló rí i, ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rí i, ta ló kàn ń sọ. Nígbà tí mo dé Manchester, mo fẹ́ fi àṣà yìí wo ìlú náà kí ẹ̀rù má bàa bà mí. Kò ràn mí lọ́wọ́ tó bí mo ṣe rò. Mo ti kà á pé ilẹ̀ máa ń tètè ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n kíkà á yàtọ̀ sí kéèyàn jáde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó bá òru pàdé, kó wá máa rò pé ojú òun ló ń ṣàìsàn. Nínú ilé tí mo gba yàrá sí ní Openshaw, mo mọ ikọ́ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ ìgbà tó ń wẹ̀, n kò mọ ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí n kò bá níṣẹ́, mo máa ń lọ ra ohun tí n kò nílò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó ń gbowó lè kí mi.

Orúkọ ló sì kọ́kọ́ dà mí láàmú jù. Wọ́n ní kí n máa pe ẹni tó ju ìyá ìyá mi lọ ní Ingrid. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò pè é ní nǹkan kan. Mo kàn ń wúkọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó bi Àńtí Fúnmi bóyá ọ̀fun ń dùn mí.

"Ẹ̀rù yín ló ń bà á," Àńtí dá a lóhùn.

"Kó má bẹ̀rù mi. Bàbá àgbà mi ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù."

Bí mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọkùnrin náà nìyẹn. Bestefar ni Ingrid ń pè é, ìyẹn bàbá àgbà ní èdè wọn. Èmi ni mo máa ń ya irun fún un láàárọ̀, òun á sì máa sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ni Bestefar. Orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi ń san án. Láti kékeré ló ti wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, ó wá di ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn yòókù bí wọ́n bá ń jẹun. Ibi kíkà yẹn ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, kò já sí nǹkan kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá ìwé ìròyìn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí sójà má yìnbọn fún òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tó jáde ni wọ́n dìbò fún un, ó sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin wọn.

"Kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni," Ingrid máa ń fi kún un. "Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí."

Mo ń gbọ́, n kò gbà, n kò kọ̀. Gbogbo wa la ní bàbá àgbà tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

*

Ìyá mi pè láti Ìbàdàn nígbà tí Àńtí ti wà nílé tí kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi kì í béèrè bóyá mo wà dáadáa. Ohun tí mo jẹ ló máa ń béèrè, á ti ibẹ̀ mọ ìyókù.

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì, mà."

"Búrẹ́dì àti kí ni?"

Mo ní tíì ni. Ló bá mọ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un títí.

"Ọ̀gá wọn ńkọ́? Ṣé ẹ ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Màámi, kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe."

"Ta ló bi ẹ́ ní ìyẹn? Mo ní ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́."

Ohun tí Àńtí Fúnmi náà ti pinnu nìyẹn. Mo sọ fún un pé kó kàn ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wò mí bí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í.

"Àbúrò, ẹni tí inú ń bí lo fẹ́ máa ṣàlàyé fún? Kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ ná."

Ọ́fíìsì pè é sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbà kí òṣìṣẹ́ kan bá a wá, èmi ni mo sì bá a wọlé. Ọ̀gá wa kéré sí Àńtí lọ́jọ́ orí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà láti máa kọ ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Ọ̀gá náà kò tíì kí wa tán tí Àńtí fi kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo jẹ̀bi. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ dárí jì mí, sà."

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Kò yẹ kí o máa ṣe báyìí. Àga wà níbí. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé o gbà pé ìwọ lo ṣe é?"

"Mo jẹ̀bi, sà."

Mo gbọ́ bí ọmọbìnrin náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa mọ ohun tí Àńtí ń ṣe. Ẹni tó kúnlẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ fún ẹni tó wà nípò ní ọ̀wọ̀ rẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè ríbi bẹ̀rẹ̀. Ẹni yẹn ló wá kàn láti mí kanlẹ̀, kó ní, "Ó tó, dìde. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Àńtí ti dúró de ìbéèrè yẹn. Kò wá. Ohun tó wá ni pé wọ́n mọrírì bó ṣe sọ òótọ́, àti pé ìpàdé ti parí.

"Sà, nílẹ̀ wa," mo bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé àṣà yín yàtọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni mo gbọ́dọ̀ kọ."

Nínú bọ́ọ̀sì, Àńtí ń nu orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"Kò bi mí," ó wí. Nígbà tó yá, ó tún ní, "Kápẹ́ẹ̀tì wọn náà ò mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

*

Wọ́n lé e. Wọ́n ní ó láǹfààní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà kan bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo lọ bá ọ̀gá wa kí ọjọ́ tí Àńtí máa rí ọ̀gá àgbà náà tó pé.

"Sà, apá yẹn ti ń dúdú kí Àńtí tó fọwọ́ kàn án. Mo rí i."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níjọ́ náà?"

"Ẹ kò bi mí." Òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo òótọ́. Físà tèmi náà wà lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n á ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ́."

"Ẹ bi Ingrid fúnra rẹ̀. Òun ló ní kó gbé òun."

Ó fọwọ́ ra ojú rẹ̀. "Ingrid ń gbàgbé nǹkan, dókítà rẹ̀ mọ̀. Ó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé bàbá àgbà òun wà ní ilé aṣòfin. Nígbà tó tún yá, ó ní ẹ̀wọ̀n ló wà. Èwo ni ká gbà?"

"Ó lè jẹ́ méjèèjì, sà."

Ó wò mí tàánútàánú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo lè ṣe. Bí ìtàn Bestefar bá jẹ́ irọ́, ọ̀rọ̀ Ingrid kò wúlò fún Àńtí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé obìnrin náà ṣì ń rántí.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo lọ sí ilé ìkàwé ńlá tó wà láàárín ìlú. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò tíì jókòó ti ìwé. Ọwọ́ mi, tí ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti mú gbẹ, ń há mọ́ ojú ewé. Mo rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ àríwá Yúróòpù, orúkọ Bestefar tí Ingrid ti sọ fún mi wà nínú rẹ̀. Ìyókù wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní èdè Norway, mo fi fóònù túmọ̀ rẹ̀. Mo ń fi ohun tí Ingrid sọ wé ohun tí mo rí. Bàbá tí kò ní ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ìlapákó, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tó sọ gan-an sì ni. Nílé aṣòfin, ó dìde pé kí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù, àwọn kan sì fi ohùn ará oko rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ingrid ti fi ohùn náà hàn mí. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ pín sí méjì, ó pàdánù ìjókòó rẹ̀. Ó padà sí ìlú rẹ̀, ó ń tọ́jú ilé ìkàwé kékeré kan níbẹ̀ títí ó fi kú. Mo rẹ́rìn-ín láàárín àwọn àjèjì tó ń kàwé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò tíì rí ohun kan tó dá mi lójú bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ka èyí tó kù. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọn kò já sí nǹkan kan, ẹni tó ni ilé ìlapákó ní òun á gba gbogbo wọn padà bí olórí wọn bá lè tọrọ àforíjì ní gbangba. Ó tọrọ rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n gba àwọn yòókù padà síṣẹ́. Òun nìkan ni wọn kò gbà, nítorí pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun jẹ̀bi.

Mo pa ìwé náà dé, mo tún ṣí i. Gbogbo ohun tí Ingrid sọ ló bá a mu àyàfi ọ̀kan, èyí tó máa ń sọ jù: pé kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rí mi, agbẹjọ́rò ni mo ti dà, kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bí mo bá fi í síbẹ̀, mo lè fi ba ti Àńtí jẹ́.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ya irun Ingrid.

"Ingrid, ṣé Bestefar tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé ìlapákó?"

Ó di òòyà mú lọ́wọ́ mi. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo kà á nínú ìwé."

"Ó tọrọ rẹ̀," ó wí. "Ìyá àgbà mi ló ní kó ṣe é. Ara ọmọ wọn kan kò yá, òtútù sì mú. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ràn èyí tí mò ń sọ fún ẹ jù ú lọ ni."

"Ṣé ìdí tó fi wọ òṣèlú nìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́. Kí ló tún kù tó lè ṣe?" Ó yí ojú padà kó lè rí mi. "Wọ́n ní Fúnmi kúnlẹ̀ fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nítorí èmi." Kì í ṣe ìbéèrè. "Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kó gbé mi. Kí o sì sọ ti àforíjì yẹn fún wọn. Kí wọ́n mọ̀ pé mo rántí ohun tí mo ti ń gbìyànjú láti gbàgbé pàápàá."

*

Obìnrin ni ọ̀gá àgbà náà. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀: apá tí mo rí kí Àńtí tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀bẹ̀ tí Ingrid bẹ̀, ohun tí mo wádìí nípa Bestefar, èyí tó bára mu àti èyí tí kò kọ́kọ́ bára mu. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó kọjú sí Àńtí Fúnmi, tó jókòó lórí àga tó ki ọwọ́ bọ àárín itan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" ó bi í.

Àńtí wò mí kó tó dáhùn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀.

"O mọ̀ pé òfin ní kí o má gbé e?"

"Mo mọ̀, mà."

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

Nínú ọkàn mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ó rò ó. Mo rí i pé ó rò ó dáadáa.

"Ara rẹ̀ ti tutù, mà," ó wí. "Mo máa gbé e."

Ìdájọ́ náà kò pẹ́. Wọ́n gba ẹ̀rí náà, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ apá kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní sí nínú ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, ó sì ní òun á tún rú u. Lílé tí wọ́n lé e dúró. Èmi, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí lásìkò.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà bóyá a jàre. Mo lè sọ pé ẹ̀sùn èké kúrò lórí ẹnì kan nítorí pé mo ṣiṣẹ́ mi bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo tún lè sọ pé kò yí nǹkan kan padà. Méjèèjì ní ẹ̀rí tó ti í lẹ́yìn.

Àńtí wá iṣẹ́ kiri, kò rí. Nígbà tí àyè tí wọ́n fún un kù díẹ̀, ó gbọ́ pé ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Ramsbottom ṣì ń gba àwọn tó nílò físà. Wọ́n kò dáhùn fóònù. Ó ní òun á lọ síbẹ̀ fúnra òun. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀ Bury ní òwúrọ̀ Sátidé, báàgì rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í ìdí tó fi gbé báàgì dání. Ó ní bóyá wọ́n á ní kóun bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bóyá wọn ò ní gba òun, kò kúkú sí èyí tó máa dá òun padà sí yàrá òun nínú méjèèjì, nítorí òun ti kó jáde.

"O máa jẹun o," ó wí. "Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ."

"Ẹ pè mí bí ẹ bá dé, Àńtí."

Láti ìgbà yẹn, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní wọ́n gbà á síṣẹ́, pé ó ti ń ṣètò bí àwọn ọmọ á ṣe wá. Kò rí i, ó gbọ́ ọ ni. Ẹlòmíràn ní ó ti wà ní Iléṣà. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, n kò sì mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Mo lọ sí Ramsbottom, mo rí ilé náà, ilé olókùúta tó kọjú sí òkè. Ẹni tó dá mi lóhùn lẹ́nu ọ̀nà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn kì í sọ fún àjèjì ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí ẹni tí kò ṣe é. Ìdáhùn yẹn kò fi hàn pé ó wà níbẹ̀, kò sì fi hàn pé kò sí.

Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣẹlẹ̀ kò kọjá òwúrọ̀ Sátidé yẹn. Mo wà nínú tírámù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, mò ń padà bọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi: "Mo ti dé. Òjò ń rọ̀ níbí. Mo ti tẹ aago ẹnu ọ̀nà wọn, mo ń rí ẹnì kan tó ń bọ̀ nínú gíláàsì."